Linux, PostgreSQL, Python, MediaWiki: ibo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kóòdù yín ránṣẹ́ sí?

Àbùlẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source kan, ìyẹn iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni. Wọ́n ń ṣi ọjọ́ kà ní ìparí oṣù Kejì, mo rí i, mo tún un ṣe, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Oṣù kan kọjá. Nígbà tó di oṣù keje, bọ́ọ̀tì kan (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ níbí, ó bá tì í pa. Ẹ̀dá ẹlẹ́ran ara kankan ò kà á. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọn kì í ṣe èèyàn burúkú: ẹni méjì ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì níṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tiwọn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú tó máa ka kóòdù wọ́n ju kóòdù lọ. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹlòmíràn ló máa dúró lẹ́yìn bá a wò ó. Nídìí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó máa dúró lẹ́yìn yẹn ló ṣòro láti rí.

Torí náà, tí àwọn àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?", èmi kì í bi wọ́n pé èdè kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n gbọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ kó ka iṣẹ́ wọn, irú èsì wo ni ara wọn lè gbà, àti pé oṣù mélòó ni wọ́n lè fi ní sùúrù. Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ló máa ń fi ibi tó yẹ kí èèyàn lọ hàn.

Mo fẹ́ gbé mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní ni Linux, ìyẹn kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, tó wà nídìí gbogbo fóònù Android. Èkejì ni PostgreSQL, àpótí dátà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò. Ẹ̀kẹta ni Python fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CPython. Ẹ̀kẹrin ni MediaWiki, ẹ́ńjìnnì tó ń gbé Wikipedia ṣiṣẹ́, ti èdè Yorùbá náà ń bẹ níbẹ̀. Àbùlẹ̀ ni màá máa pe ohun tí wọ́n ń pè ní patch: kóòdù díẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n rán mọ́ aṣọ tó ti wà nílẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ló ń gba àbùlẹ̀. SQLite, àpótí dátà kékeré tó wà nínú fóònù gbogbo wa, sọ ọ́ kedere pé kóòdù òun wà fún gbogbo ayé, àmọ́ òun ò gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ojú ìwé àlàyé fún àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ kẹ́ ẹ tó fi òru kan ṣòfò.

Ẹnu ọ̀nà

Ti Linux ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Kò sí bọ́tìnì kankan. Lẹ́tà lẹ ó kọ. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1991, òun náà ló dá Git, ohun èlò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, sílẹ̀ ní 2005, síbẹ̀ ímeèlì lásán ni àbùlẹ̀ ṣì fi ń wọlé títí dòní. Ẹ ó ṣe àtúnṣe yín, git format-patch á sọ ọ́ di fáìlì, ẹ ó gbé e gba inú checkpatch.pl tó máa yẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ wò, ẹ ó bi get_maintainer.pl pé ta ló ni apá ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, git send-email á sì gbé e lọ bá àwọn tó bá dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká tú lẹ́tà kan wò. Àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú [PATCH], orúkọ ẹ̀ka tó kàn tẹ̀ lé e. Ìpínrọ̀ kan tàbí méjì wà nísàlẹ̀ tó sọ ohun tó bàjẹ́, ẹni tó ń fìyà jẹ, àti ìdí tí àtúnṣe yìí fi tọ́. Lẹ́yìn náà ni ìlà Signed-off-by tó ní orúkọ àti ímeèlì yín. Ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọdún 2004 ni wọ́n mú un wọlé, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ SCO ti gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kóòdù dé ilé ẹjọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, ẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dáàṣì mẹ́ta. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ sísàlẹ̀ dáàṣì mẹ́ta yìí, ṣáájú kóòdù, kì í wọ inú ìtàn iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń bá olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀: "v2 (ẹ̀dà kejì) rèé o, mo ti yọ èyí tẹ́ ẹ ní kí n yọ." Kóòdù ló kẹ́yìn: ìlà tẹ́ ẹ yọ ní àmì ìyọkúrò níwájú, èyí tẹ́ ẹ fi kún un ní àmì ìròpọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò ní í ṣe pẹ̀lú kóòdù rárá. Wọ́n á lẹ àbùlẹ̀ mọ́ inú Gmail lórí bráwúsà, Gmail á sọ tab di àyè lásán, á sì ṣẹ́ ìlà gígùn sí méjì. Ẹni tó gbà á á gbìyànjú láti fi sára kóòdù rẹ̀, kò ní wọlé. Ímeèlì tó ní àwọ̀ àti lẹ́tà dúdú kirikiri (HTML), àpótí wọn tiẹ̀ máa dá a padà ni. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé àkànṣe tí Google máa ń ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ fi sínú git send-email, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ara yín. Èmi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé.

PostgreSQL náà ń lo ímeèlì, ṣùgbọ́n ara tiwọn balẹ̀ jù. Ẹ lè so àbùlẹ̀ mọ́ lẹ́tà bíi fáìlì, wọn ò ní bínú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kẹ́ ẹ tún lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú CommitFest, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ àbùlẹ̀ tó wà lórí ìlà. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ̀yin àti orí yín ni.

Ní CPython, bọ́tìnì ló kù. Oṣù Kejì 2017 ni wọ́n kó dé GitHub, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, pull request (bíbẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa àtúnṣe yín wọlé) sì ni gbogbo nǹkan. Ẹ ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Python Software Foundation lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkọlé yín á ní nọ́ńbà ìṣòro tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ ó sì kọ ìròyìn kékeré kan sínú Misc/NEWS.d kí ará ìta lè mọ ohun tó yí padà. Bọ́ọ̀tì á sọ èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé fún yín.

MediaWiki ń lo Gerrit, ohun èlò kan tí wọ́n fi orúkọ Gerrit Rietveld sọ, ará Netherlands tó ń ya àwòrán ilé tó sì ń ṣe àga. Git review ló ń gbé kóòdù yín lọ. Ìlà kan tó ń jẹ́ Change-Id wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni Gerrit fi ń dá àbùlẹ̀ yín mọ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ tún un ṣe nígbà ogún. Ẹ má pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, Gerrit á gbà pé àbùlẹ̀ tuntun ni, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá yín sọ á wá wà lójú ewé mìíràn.

Ohùn tí wọ́n fi ń dá yín lóhùn

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kó pinnu ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ju èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù lọ.

Ní Linux, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní baálẹ̀ tirẹ̀, orúkọ gbogbo wọn sì wà nínú fáìlì tó ń jẹ́ MAINTAINERS. Baálẹ̀ yẹn ló máa gba àbùlẹ̀ yín, á kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, á sì gbé e lọ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, títí yóò fi dé ọwọ́ Linus. Tí wọ́n bá fèsì, wọn á fa ìlà kóòdù yín yọ, wọn á kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìlà náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ ṣe fèsì, ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe lókè lẹ́tà bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́ ọ́fíìsì. Èsì máa ń ṣe ṣókí. "Kí nìdí?" lè jẹ́ gbogbo lẹ́tà náà. Wọ́n ti lórúkọ fún ẹnu líle tipẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ni wọ́n gba òfin ìwà tuntun, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Linus tọrọ àforíjì tó sì gba ìsinmi díẹ̀. Nǹkan ti rọlẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ má retí "ẹ kú iṣẹ́" kí wọ́n tó sọ pé iṣẹ́ yín ò dára.

Èrè ibẹ̀ máa ń wá ní ìlà kan péré. Ẹni tó ka àbùlẹ̀ yín tó sì gbà pé ó dára á kọ Reviewed-by àti orúkọ rẹ̀. Ẹni tó dán an wò lórí ẹ̀rọ rẹ̀ á kọ Tested-by. Ẹ ó kó gbogbo orúkọ wọ̀nyí sínú v2 tàbí v3 yín, wọn á sì wà nínú ìtàn Linux títí ayé. Ímeèlì yín náà á wà níbẹ̀ títí ayé, ní gbangba. Ẹ ronú sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò.

Gerrit ò fẹ́ àròyé, máàkì ló ń fún èèyàn. Ẹ ṣí àbùlẹ̀ kan lójú ewé rẹ̀, ẹ ó rí Code-Review: −1, +1, tàbí +2. −1 ń sọ pé "ó kù díẹ̀". +1 ń sọ pé "ó dùn mọ́ mi, àmọ́ kí ẹlòmíràn tó láṣẹ wò ó". +2 ló ń ṣí ilẹ̀kùn, kò sì sí iye +1 tó máa pọ̀ títí tó máa di +2. Àwọn tí wọ́n fọkàn tán nìkan ló lè fi í sílẹ̀, kò sì bójú mu kí èèyàn fún àbùlẹ̀ ara rẹ̀. −2 ni "ó tì", ó sì máa wà níbẹ̀ títí ẹni tó fi sílẹ̀ á fi mú un kúrò. Jenkins náà, tí í ṣe ẹ̀rọ, ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìdánwò. Àwọn kan kórìíra pé nọ́ńbà ló ń ṣèdájọ́ wọn. Ní tèmi, ó tù mí lára: −1 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà 43, mo mọ ibi tí mo máa lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti àbùlẹ̀ tí kò lésì fún oṣù méje á mọ iyì −1.

PostgreSQL ni mo fẹ́ràn jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó láṣẹ láti fi kóòdù wọlé ò ju bí ọgbọ̀n lọ, àbùlẹ̀ tó wà nínú CommitFest kan sì lè ju ọgọ́rùn-ún méjì lọ. Wọ́n wá fi òfin kan sílẹ̀: ẹni tó bá mú àbùlẹ̀ wá, a ń retí kó yẹ ti ẹlòmíràn tó le tó tirẹ̀ wò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀gá kẹ́ ẹ tó lè ṣe é. Ẹ gbé àbùlẹ̀ náà sára kóòdù tuntun, ẹ wò ó bóyá ó wọlé. Ẹ ṣe make check, tó ń dán kóòdù wò. Ẹ ka àlàyé tó kọ, kẹ́ ẹ rí i bóyá ohun tó sọ nínú ìwé ni kóòdù rẹ̀ ń ṣe. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú lẹ́tà. Ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí orúkọ yín wọ inú Reviewed-by, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń rántí orúkọ tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun kan máa ń dun àwọn tuntun níbẹ̀: kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi kóòdù yín wọlé. Ọ̀gá kan á gbé e, ó lè yí i padà díẹ̀, ó lè tún ọ̀rọ̀ kọ, á wá kọ orúkọ yín sí Author. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí àwòrán òun máa tàn lójú ewé GitHub pẹ̀lú àpótí aláwọ̀ ewé, ẹ ó rí i pé PostgreSQL ò ní àyè fún ìyẹn.

CPython wà láàárín. Olùyẹ̀wò á sọ̀rọ̀ lórí ìlà bíi ti Gerrit, àmọ́ ọ̀rọ̀ ló máa sọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Tí ọ̀kan nínú àwọn core developer (àwọn tó láṣẹ láti gba kóòdù wọlé) bá ní kẹ́ ẹ tún nǹkan ṣe, bọ́ọ̀tì á lẹ àmì mọ́ ọn pé ọ̀dọ̀ yín ló wà. Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn kan báyìí gẹ́lẹ́: "I have made the requested changes; please review again". Àìkọ ọ́ ni kò jẹ́ kí àìmọye àbùlẹ̀ tó ti dára kúrò lójú kan. Olówó rẹ̀ rò pé wọ́n ti mọ̀, wọn ò mọ̀. Bọ́ọ̀tì yẹn tiẹ̀ máa ń fi tìmùtìmù halẹ̀ mọ́ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fẹ̀ àwọn ará Python ni.

Nígbà tí wọ́n bá ní "tún un ṣe"

Ibi tí ìyàtọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti hàn jù nìyí, ibẹ̀ ni ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní òmíràn.

Linux ní kẹ́ ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lákọ̀tun bíi [PATCH v2]. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ìtàn tó kù sílẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ẹ ò ṣàṣìṣe rí. Gerrit náà ní kẹ́ ẹ tún commit (àkọsílẹ̀ àtúnṣe) kan náà ṣe pẹ̀lú git commit --amend. Ojú ewé rẹ̀ á pa ẹ̀dà ti àtijọ́ mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, olùyẹ̀wò lè fi ẹ̀dà kẹta wé ẹ̀dà karùn-ún. PostgreSQL á gba v3 tuntun nínú lẹ́tà kan náà tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. CPython ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ fi commit tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ má fi force-push (fífi tipátipá gbé ẹ̀dà tuntun borí ti àtijọ́) pa èyí tí wọ́n ti kà rẹ́, torí àwọn á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbà á.

Mo ti rí ọ̀rẹ́ kan tó ti Gerrit dé, tó lọ force-push sórí pull request ẹlẹ́ni mẹ́rin. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí ìlà kò rí ìlà tí wọ́n á so mọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó bú u, àmọ́ ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó padà sí i.

Ẹ ó dúró pẹ́ tó

Ìwé ìlànà Linux sọ pé èsì máa ń wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ mọ àkókò wọn: fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ̀dà kan bá ti jáde, ìkórè ni wọ́n wà, Linus ń gba kóòdù lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀. Lẹ́tà yín lè sọnù lásìkò yẹn. Ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn pa fún nǹkan tuntun, wọn ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ tún àbùlẹ̀ kan náà fi ránṣẹ́ kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ̀dà tuntun ń jáde ní ọ̀sẹ̀ 9 sí 10, nítorí náà bẹ́ ẹ bá pàdánù ọkọ̀ yìí, òmíràn ń bọ̀.

PostgreSQL kò rí bẹ́ẹ̀. CommitFest márùn-ún ló wà lọ́dún: oṣù Keje, Kẹsàn-án, Kọkànlá, Kìíní àti Kẹta. Lẹ́yìn ti oṣù Kẹta, oṣù Kẹrin ni wọ́n ti ilẹ̀kùn fún ohun tuntun. Ohun tẹ́ ẹ bá gbé wá ní oṣù Karùn-ún, ó di ẹ̀dà ọdún tó ń bọ̀. Àbùlẹ̀ ńlá tó fi ọdún méjì rìn láti CommitFest kan sí òmíràn kì í ṣe ìyanu.

Ìdúró CPython ló ṣòro láti sọ. Àbùlẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ apá ibẹ̀ lè wọlé lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí olówó apá rẹ̀ ti rẹ̀ lè pé ọdún mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí àtúnṣe tó kẹ́yìn nínú fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, àti ìgbà tó ṣe é. Tó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ lọ wá fáìlì mìíràn.

MediaWiki ló ń tètè dé ọwọ́ ará ìlú jù. Kóòdù tó bá ti gba +2 á wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń pè é lóòótọ́: ó ń gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lọ́dọ̀ àwọn ojú ewé ìdánwò, tó bá di Ọjọ́bọ̀ ó ti dé ọ̀pọ̀ Wikipedia. Tẹ́ ẹ bá tún nǹkan ṣe níbẹ̀, ẹ lè jókòó sílé yín ní Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ ṣí Wikipedia Yorùbá, kẹ́ ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni mo mọ̀ tó lè fún èèyàn ní irú ayọ̀ yẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ láìdáa lórí bọ́tìnì ló ń bí yín nínú, ẹ má gbé yo.json, fáìlì ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, lọ sórí Gerrit. Wọn ò ní gbà á. Translatewiki.net ni wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni fáìlì yẹn ti ń wá, kò sì nílò kóòdù.

Ohun tí ojú lè má rí

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kóòdù tó wà ní gbangba ti ní ààbò nìyẹn, ẹ rán an létí xz. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ló ń tọ́jú ohun èlò kékeré yìí tí gbogbo Linux ń lò láti fún fáìlì pọ̀. Ẹni kan tó ń jẹ́ "Jia Tan" bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́ láti 2021, ó ṣe dáadáa, ó gba àṣẹ, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ní 2024. Apá kan nínú rẹ̀ kò tiẹ̀ sí nínú Git tí àwọn èèyàn lè kà. Inú àpò tarball tí wọ́n fi ń pín in kiri ló wà. Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ló tú u fó ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, torí ó rí i pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú SSH ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò lojú rẹ̀ máa ń mú tó bẹ́ẹ̀.

Linux náà ti rí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà alábòójútó Linux, lé Yunifásítì Minnesota jáde pátápátá, nítorí àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùlẹ̀ aláìdáa ránṣẹ́ láti wò ó bóyá wọ́n á gbà á. Ó kó 190 àbùlẹ̀ tó ti ibẹ̀ wá jọ pé kí wọ́n tú wọn kúrò, títí kan ti àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwádìí náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí wọ́n bá ń bi yín ní ìbéèrè tó dà bíi pé wọn ò gbà yín gbọ́. Wọn ò mọ̀ yín rí, wọ́n sì ti jóná rí.

Ohun kan náà ló fa ojú líle sí àbùlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2020, Hacktoberfest tó ń fún èèyàn ní ẹ̀wù tó bá fi pull request mẹ́rin ránṣẹ́ da ìdọ̀tí bo àwọn alábòójútó: ẹni yìí fi ọ̀rọ̀ kan kún README, ẹni tọ̀hún yọ kọ́mà. Oṣù yẹn náà ni wọ́n yí òfin padà kó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ nìkan ló ń kópa. Tẹ́ ẹ bá ní àtúnṣe kọ́mà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Dátà, iná, àti láptọ́ọ̀pù

Àwọn tó ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí ní èdè Òyìnbó kì í sọ èyí, torí kì í ṣe àwọn ló ń ra dátà ní gígà gígà. Gbogbo ìtàn Linux ju 2 GB lọ dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á wálẹ̀; ẹ fi --depth 1 sí i, ó máa dín kù gan-an. Kíkọ́ kernel kan tán lórí láptọ́ọ̀pù àgbàtọ́ lè gba wákàtí púpọ̀, ìyẹn tí iná ò bá lọ. PostgreSQL àti CPython, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. MediaWiki, PHP àti SQLite ti tó láti gbé e dìde lórí ẹ̀rọ tiyín.

Níbi ìfiránṣẹ́, ímeèlì ló fi wá lọ́kàn balẹ̀ jù. Kílóbáìtì díẹ̀ ni àbùlẹ̀ kan. Mo lè kọ ọ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n ka èsì àná láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n kọ èsì tèmi, kí n wá tan hotspot fóònù fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo rẹ̀ lọ. GitHub ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀; ímeèlì lè mú ọ̀rọ̀ wọn wá fún yín, àmọ́ ojú ewé rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣí pull request.

Bí mo ṣe máa yàn tó bá jẹ́ èmi

Tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ní, tẹ́ ẹ sì gbọ́ PHP tàbí JavaScript, MediaWiki. Àwọn iṣẹ́ tó yẹ ẹni tuntun ní àmì lára, máàkì á sọ ibi tẹ́ ẹ dé, Ọjọ́bọ̀ á sì dé.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ̀ ń wá, tẹ́ ẹ fẹ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ lè tẹ̀ kó sì rí, CPython. Ẹ kọ́kọ́ wá àlàyé tó kọ láìtọ́ tàbí ìdánwò tó kù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tuntun tẹ́ ẹ rò pé Python ṣaláìní.

Tẹ́ ẹ bá ní awọ tó nípọn, tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ látìsàlẹ̀, Linux. Ẹ lọ sí drivers/staging, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àtúnṣe kéékèèké lọ́wọ́ ẹni tuntun. Ẹ̀ka yòókù kì í fẹ́ kẹ́ ẹ wá tún àyè àti tab ṣe lásán.

Tẹ́ ẹ bá lè fún un ní ọdún kan, PostgreSQL ni, mi ò sì ní í fi ibòmíràn wé e. Kó tó di CommitFest tó ń bọ̀, ẹ yan àbùlẹ̀ kékeré kan tí wọ́n kọ "Needs review" sí, tí kò sí orúkọ olùyẹ̀wò kankan lára rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má tíì mú tiyín wá.

Ìlà mẹ́rin tèmi ṣì wà níbi tí bọ́ọ̀tì tì í sí. Ní ọdún tó kọjá, ẹlòmíràn fi ìlà mẹ́ta tún àṣìṣe oṣù Kejì yẹn kan náà ṣe, wọ́n sì gbà á lọ́jọ́ kejì. Mo lọ wo ojú ewé rẹ̀. Kó tó mú tiẹ̀ wá, ó ti ka àbùlẹ̀ àwọn ẹlòmíràn mọ́kànlá fún àwọn méjì tó ń bójú tó iṣẹ́ náà.